Ìwé Tuntun Tó Fẹ́ Pa Àlàmú

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ fa àpótí súnmọ́ mi. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó, nítorí ìtàn yìí kò ní dúró de ọbẹ̀ tó ń jóná. Ẹni tó bá sì fẹ́ sùn, kó kọjú sí ọ̀hún, kó má fi orí gbá mi léjìká. Mo fẹ́ sọ bí bàbá mi, tó ti kú, tí a ti sin sí Ìwó, tí a ti jẹ sàráà rẹ̀, ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì ní ìlú Òyìnbó, lórí tábìlì ilé ìdáná obìnrin kan, nítorí pé wọ́n gbé ìwé kan jáde lákọ̀tun.

Ẹ má wojú ara yín. Orí mi pé.

Àlàmú ni oríkì bàbá mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni, lọ́nà Kuta, ṣùgbọ́n Akíìtán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé tó bá ń kí ènìyàn, kì í kí i tán. Tó bá jáde lọ sóko ní ìdájí, oòrùn á ti mú kó tó dé ìdí iṣu. Á kí onílé, á kí àlejò, á kí ẹni tó ń gbálẹ̀, á kí ẹni tó yẹ kó máa gbálẹ̀ tí kò gbá. Ewúrẹ́ pàápàá, á bi í léèrè ọmọ. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun, ó kí àwọn àna rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé fi sùn lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì rántí bi í bóyá ó mú obì wá. Kò mú un wá.

Ilé odídẹrẹ́ ni Ìwó, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹyẹ yẹn ní í ṣọ́ ilé fún wa. Bàbá mi a máa ní, tí ẹyẹ bá lè mọ ẹni tó wọlé kó sì kí i, kí ló wá ń dí ènìyàn ẹlẹ́nu lọ́wọ́?

Ọdún kejì ikú rẹ̀ ni mo lọ sí ìlú Òyìnbó. Ìgbà náà ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tí gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbé e lọ. Bí mo ṣe lọ kò lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo jáde, mo bá ènìyàn mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo bi ìyá àgbà kan bó ṣe jí, bí àwọn ọmọ ṣe jí, bí orúnkún ṣe jí, nítorí mo rí i pé ó ń tiro. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e gbé ìwé ìròyìn bo ojú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fi máa dé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà ní apá kan, èmi nìkan wà ní apá kejì bí ẹni tí ìgbóná ń ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù ni mo ti ríṣẹ́. Aṣọ ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ń kó wá bá wa, a ó dà á sínú ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá tí mo ń sùn lọ. Ohun tí mo rí nínú aṣọ wọ̀nyẹn, n ò ní sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ọ̀gá ibẹ̀ wo orúkọ mi lórí ìwé, ó ya ẹnu, ó pa á dé, ó ní kí n máa jẹ́ Jọ́ọ̀nù. Ọmọ Mùsùlùmí láti Ìwó! Mo ń jẹ́, nítorí oúnjẹ.

Ẹni tó bá sì kí ọ níbẹ̀, "Ọ̀ráìtì?" ni yóò wí. Ìwọ náà á ní, "Ọ̀ráìtì." Ó tán. Wọ́n ti béèrè ilé, wọ́n ti béèrè oko, aya, ọmọ àti oorun àná, gbogbo rẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ kan. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni a máa kún inú ènìyàn bí ọmú ìyá ọlọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tó yá, mo ń kí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kéré tán, ẹ̀rọ yẹn ń kùn padà.

Kẹ́fìn ló gbọ́ mi. Òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀n tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń bi ẹ̀rọ bóyá ara rẹ̀ ti le.

Ó ní, "Jọ́ọ̀nù, ṣé o lè purọ́?"

"Irú irọ́ wo?"

"Irọ́ gígùn. Èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Mo ní kó sọ ọjọ́ àti àkókò.

Ọ̀sán Sátidé ni, nílé Mọ́rìn. Mọ́rìn ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ ọsibítù tó bá ya. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, opó, tí ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ ju ọsibítù náà lọ. Ẹnì kẹta wọn ni Gíréémù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tí kì í fẹ́ kí nǹkan tuntun kankan jáde láyé kó má kọ́kọ́ dé ọwọ́ òun.

Ẹ fọkàn bá mi lọ, kí ẹ lè mọ eré tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ni apàlọ́, Kẹ́fìn nìyẹn. Àwọn yòókù, kálukú dá ènìyàn kan sílẹ̀ nínú àlọ́ náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà. Apàlọ́ á ní, "Ẹ dé ibi báyìí, ohun báyìí wà níwájú yín, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Kálukú á sọ ohun tí ènìyàn tirẹ̀ ṣe. Tí kò bá dájú bóyá idà yóò bá ọ̀tá tàbí kò ní bá a, wọ́n á da dáìsì. Kì í ṣe dáìsì lúdò olójú mẹ́fà tí ẹ mọ̀ o. Olójú ogún lèyí, ó rí roboto bí àgbálùmọ̀ kékeré. Kò sí ẹni tó ń jẹ, kò sí ẹni tó ń pàdánù. Àlọ́ ni, àfi pé àwọn tí à ń pa á fún ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní ìwé òfin kan, pẹlẹbẹ, kò nípọn ju ìwé kéwú ọmọdé lọ. Èèpo rẹ̀ ti já, Mọ́rìn ti fi òwú ọsibítù rán an. Ojú ewé kìíní rẹ̀ ní ohun tí ìwé náà kò bá sọ, kí apàlọ́ àti àwọn tó yí i ká fi ọgbọ́n orí wọn parí rẹ̀.

Kẹ́fìn ní, "Ta lo fẹ́ jẹ́? Jagunjagun wà, olè wà, oṣó wà."

Mo ní, "Àgbẹ̀."

Gíréémù bú sẹ́rìn-ín. "Àgbẹ̀! Kí ni àgbẹ̀ ń wá nínú ihò ejò oníná, ejò tó ń tú iná lẹ́nu?"

"Kí ni olè ń wá níbẹ̀?"

"Ó mú ọ, Gíréémù," ni Mọ́rìn wí. Òun gan-an ni olè nínú eré náà, obìnrin tí kì í mú bísíkíìtì kejì nínú àwo ara rẹ̀.

Kẹ́fìn yẹ ìwé pẹlẹbẹ náà wò síwá sẹ́yìn. Ìwé ò ní kí àgbẹ̀ wá, ìwé ò ní kó má wá. Ó ní kí n kọ orúkọ. Àlàmú ni ọwọ́ mi kọ. Mo fún un ní ọkọ́ àti àdá, mo fi iṣu sísun sínú àpò rẹ̀, mo sì gbé odídẹrẹ́ kan lé e léjìká, nítorí ọmọ Ìwó ni.

Lọ́jọ́ náà gan-an la dé afárá kan, òmìrán dúró lórí rẹ̀. Gíréémù fa idà yọ. Mọ́rìn sá wọ abẹ́ afárá. Kẹ́fìn kọjú sí mi. "Àlàmú ńkọ́?"

"Ó dọ̀bálẹ̀."

"Ó ṣubú?"

"Ó ń kí i ni! Ẹ kú ìdúró o, Bàbá. Ẹ kú ìṣọ́. Ẹ kú atẹ́gùn orí omi. Ẹsẹ̀ ò máa dùn yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé odò ò kún jù?"

Kẹ́fìn gbé dáìsì, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó ní, "Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá òmìrán yìí, ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ rí." Òmìrán bá jókòó lórí afárá, ó sunkún, ó sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún wa fún nǹkan bíi wákàtí kan. A fún un níṣu. A kọjá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ní ìlú yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kí ènìyàn tó dá mi lóhùn.

Lẹ́tà ni mo fi sọ ọjọ́ tí n ó máa pe ilé, Sátidé kìíní nínú oṣù. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìwó, níbi tí akọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Ràímì ti ń tọ́jú tẹlifóònù. Wáyà yẹn a máa han bí ẹni ń dín àkàrà. Ràímì a sì máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun mọ̀ bóyá ìlà ṣì dára.

Mo sọ ti afárá fún ìyá mi.

Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Àlàmú níbẹ̀?"

"Bàbá wa ni, Ìyá mi. Nínú àlọ́."

Wáyà ń han. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Àfi ẹ̀rín tó bẹ́ sí mi létí. "Àlàmú! Àlàmú tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún bẹ̀ kó mú mi dé Ìbàdàn! Ó wá kú tán, ló tó mọ ọ̀nà ìlú Òyìnbó?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba tẹlifóònù. Ó ní òun gbọ́ pé mo dárúkọ dáìsì, ṣé tẹ́tẹ́ ni mò ń ta? Ó ní òun yóò bi Àfáà. Oṣù kejì, ó mú èsì wá.

"Àfáà ní ṣé owó ń bẹ nílẹ̀?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ní ṣé ọtí ń bẹ nílẹ̀?"

"Tíì ni."

"Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ojú ò tì ọ́, àgbàlagbà bíi tìẹ."

"Ó ń tì mí díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ní tó bá ti ń tì ọ́ díẹ̀, kò burú. Ó tún ní kí n béèrè bóyá ìyàwó òmìrán yẹn ti padà wálé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Àlàmú kí ọba tó ń ṣàìsàn, ara ọba yá. Ó kí ejò oníná lórí òkìtì wúrà, ó ní ẹ kú ìjókòó ojú kan, ṣé ìdí ò máa ro yín. Ejò dìde kó nara. Ìyá mi a gba ìròyìn yẹn ní Sátidé, kó tó di Ọjọ́rú, ó ti gbé e dé Olúpọ̀nnà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ti gbé e dé Ilé-Ogbó. Àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá sídìí tẹlifóònù. Jọ́ọ̀nù ni mí láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó bá di Sátidé, wọ́n á pe Àlàmú, ẹnu mi á dáhùn. Ìgbà kan wà tí mo béèrè lọ́wọ́ ara mi, níbo gan-an ni mò ń gbé? Yàrá tí mò ń sùn, n ò mọ orúkọ ẹni tó wà ní ìkejì ògiri. Mo mọ orúkọ òmìrán.

Ọdún ń gorí ọdún. Ó di ìgbà tí Gíréémù gbọ́ pé àwọn tó kọ ìwé pẹlẹbẹ ti tún un kọ látòkèdélẹ̀. Ó ní yóò gbòòrò, yóò yéni. Gbogbo wa ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí oṣù ààwẹ̀ kó lé.

Láàárín ìrètí yẹn ni bàbá Kẹ́fìn kú. Kẹ́fìn gba ọjọ́ mẹ́ta, ó padà sídìí kẹ̀kẹ́ aṣọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní, "Ọ̀ráìtì, Kẹ́fìn?" Ó ní, "Ọ̀ráìtì." Èmi náà, ọmọ Akíìtán, mo ní, "Ọ̀ráìtì?" Wọ́n ti kọ́ mi pé wọn kì í yọ ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àlọ́ Kẹ́fìn ti ń gbẹ. Ó ní ó ti rẹ òun. Tí ìwé tuntun bá dé, yóò máa bá òun ronú.

Ìwé dé. Mo wẹ̀, mo dé fìlà, mo lọ. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí ọlọ, èèpo wọn ń dán, wọ́n ń rùn bíi bàtà tuntun. Àwòrán inú wọn dára débi tí Mọ́rìn fi nu ọwọ́ kó tó ṣí i. Mo wá àgbẹ̀ lọ láti iwájú. Kò sí. Mo rí oríṣi jagunjagun mọ́kànlá, mo rí oṣó orí omi àti oṣó orí ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé kẹta ni mo ti wá rí àgbẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Ohun Tí A Lè Háyà Fún Ọjọ́ Kan" sí. Ìbaaka, okùn, àtùpà, àgbẹ̀.

Mo ní, "Gíréémù, ṣé mo ka eléyìí re? Ìbaaka ló ṣáájú?"

"Wọn ò fi bú ọ. Ìbaaka gbówó lórí jù ú lọ ni."

Odídẹrẹ́ ńkọ́? Oṣó nìkan ló lè ní in. Ìkíni ńkọ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n ṣe òǹkà fún ìkíni! Jagunjagun tó bá kí ènìyàn, kó da dáìsì, kó fi méjì kún un. Ẹni tí kò ní ipò tó bá kí ènìyàn, kó yọ mẹ́fà. Tí kò bá pé méjìlá, ìkíni rẹ̀ já sí àfojúdi. Nílẹ̀ wa, ẹni tí kò kí ni aláfojúdi. Àwọn wọ̀nyí jókòó sínú yàrá kan, wọ́n yí i po.

Kẹ́fìn ní ká dán an wò, ọ̀sán kan péré.

A dé ibodè kan. Oníbodè dúró pẹ̀lú ajá mẹ́ta. Kì í ṣe òmìrán, kì í ṣe ejò, oníbodè lásán. Àlàmú dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Mo da dáìsì: mẹ́sàn-án. Yọ mẹ́fà.

Kẹ́fìn ń ka ìwé náà bí ẹni ń ka ìwé owó orí. "Oníbodè kò dá a lóhùn. Ó tú ajá sílẹ̀. Àlàmú ṣubú. Ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló kù tí yóò mí. Tó bá mí ẹ̀ẹ̀mẹta tán, ó kú."

Mo dìde. "Ẹ dúró. Ẹnikẹ́ni kó má da nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ pe ilé ná."

"Pe ilé?" ni Gíréémù wí. "Torí eré?"

"Bàbá ènìyàn ń kú lọ lẹ́nu ibodè, kí n wá jókòó kí n máa mu tíì?"

Kẹ́fìn wò mí, ó yí ojú sí fèrèsé. N ò fura.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi wà nílẹ̀ níbẹ̀, kí Sátidé mi tó pé. Mo bínú títí. Tí mo bá ń rọ aṣọ sínú ẹ̀rọ, àwọn tó kọ ìwé yẹn ni mò ń rọ síbẹ̀. Ikú ti pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kan, lójú mi, n ò sì rí nǹkan ṣe. Àwọn kan tí n ò mọ̀ tún wá gbé dáìsì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi pa á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyá mi, ìwé tuntun ti jáde. Wọ́n ní ìkíni bàbá ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ta ní wọ́n?"

"Àwọn tó kọ ìwé."

"Wọ́n ti dé Ìwó rí?"

"Wọn ò dé ibẹ̀."

"Olúpọ̀nnà ńkọ́?"

"Ìyá mi, wọn ò dé ibì kankan!"

Ràímì já sí i. "Mo ti ń sọ ọ́. Ìwé àkọ́kọ́ ló máa ń dáa jù."

"Ràímì, gbé ẹnu rẹ kúrò lórí wáyà," ni ìyá mi wí. "Àlàmú kí i, kò dáhùn?"

"Kò dáhùn."

 Mo ń gbọ́ bí àwọn obìnrin tó bá a wá ṣe ń pòṣé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé Àlàmú, ẹni mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tó kí tí kò dá a lóhùn. Èkíní, adití ni. Èkejì ti jí iṣu rẹ̀ wà lóru àná. Ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú, kò sì tíì sí ẹni tó bá a kẹ́dùn. Oníbodè yẹn, ṣé adití ni?"

"Rárá."

"Ó jí iṣu?"

"Kò jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ku ẹyọ kan. Lọ kí i kú ọ̀fọ̀. Bi í léèrè ẹni tó sin. Ah, ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni mo tún ní láti kọ́ ọmọ Akíìtán bí wọ́n ṣe ń kíni?"

Sátidé tó tẹ̀lé e, a jókòó. Ìwé mẹ́ta wà lórí tábìlì bí òkúta ìdáná. Mo ní Àlàmú mí lẹ́ẹ̀kan. Ó fi èémí náà sọ pé, "Oníbodè, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ta ló lọ?"

Gíréémù gbé ìwé kìíní, ó ń ṣí i gbàràgbàrà. Ó gbé ìkejì.

Mo ní Àlàmú mí lẹ́ẹ̀kejì. "Ṣé ẹ ráyè jẹun? Ta ló wá bá yín jókòó, kí ilé má baà fẹ̀ jù fún yín?"

"Kò sí i," ni Gíréémù wí. "Ìkíni ọba wà, ti oníṣòwò wà, ìdẹ́rùbà wà. Kò sí ti òkú. Kẹ́fìn, wọn ò fi síbẹ̀."

Kẹ́fìn kò wo ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí dáìsì, kò gbé e. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ ni."

"Bàbá ta?"

"Bàbá oníbodè. Ó ń tún rédíò ṣe. Àgọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún fún rédíò, àwọn kan ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n rí i. Kò sí ẹni tó wá. Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́."

Kò sí rédíò nínú ayé òmìrán àti ejò oníná. Gíréémù tìkára rẹ̀ kò sọ ọ́. Ó pa ìwé dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mọ́rìn gbé ìkòkò tíì kaná, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa pẹ́.

Mo fi Àlàmú sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Mo yí tábìlì ká, mo fa àga súnmọ́ Kẹ́fìn, mo ní, "Kẹ́fìn, o kú àṣẹ̀yìndè. Kí ẹ̀yìn bàbá rẹ dára. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti mọ̀. Ní Ìwó, ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti wà nílé rẹ, tí wàá máa wá ọ̀nà tí wàá fi lé mi jáde."

Ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ gbá mi léjìká, ó sunkún bí òmìrán orí afárá. A mu tíì. Mọ́rìn jẹ bísíkíìtì mẹ́rin. Nígbà tó yá, Kẹ́fìn nu ojú, ó ní, "Oníbodè pe àwọn ajá padà. Ó gbé Àlàmú wọlé. Mọ́rìn, ìwé pẹlẹbẹ yẹn dà?"

"Ṣùgbọ́n mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!" ni Gíréémù ké.

Kò bínú pẹ́. Ó rí àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn òǹkà, ó ń bá wọn ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, Sátidé ló ṣì ń wá jẹ bísíkíìtì lọ́dọ̀ wa. Àlàmú sì wà láàyè títí mo fi kó ẹrù mi padà sílé.

Ẹ rò pé ó parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo dé Ìwó, mo bá ìyá mi lórí àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọ ilé yí i ká. Àlàmú ló ń pa lálọ̀ọ́. Inú mi dùn, mo jókòó. Mo gbọ́ pé Àlàmú gun ẹṣin funfun. Mo tún fìlà mi dé. Mo gbọ́ pé òmìrán orí afárá di agbowó orí. Mo mú un mọ́ra. Mo wá gbọ́ pé kí Àlàmú tó bá ọ̀nà ejò oníná lọ, ó kọ́kọ́ mú ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi! Kò sí Ìbàdàn níbẹ̀!"

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí."

"Ẹ ti bà á jẹ́. Bí àwọn Òyìnbó ṣe tún tiwọn kọ nìyí!"

Àwọn ọmọ ń wò mí bí àwọn ará ibùdókọ̀ ṣe wò mí. Ìyá mi ní, "Oníwèé, dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n pa Àlàmú nínú tèmi?"

"Wọn ò pa á."

"Ṣé ó ń kí ènìyàn?"

"Ó ń kí wọn."

"Wọ́n ń dá a lóhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Jókòó sílẹ̀, o ń dí àwọn tó wà lẹ́yìn lójú."

Mo jókòó. Kí n má purọ́, apá ti Ìbàdàn yẹn ló dùn jù.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìyá mi kú, a sì pín ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú ilẹ̀ iṣu ọ̀nà Kuta, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Olúpọ̀nnà ló kó aṣọ àti ọlọ. Ràímì wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan ju àpótí ìyá lọ, nítorí òun mọ ìparí àlọ́ náà ju àwa ọmọ lọ. A gbé e fún un, ó sì ń pàlọ́ lórí rẹ̀ títí dòní. Mọ́rìn ló ni dáìsì olójú ogún. Ìwé pẹlẹbẹ wà lọ́wọ́ Kẹ́fìn. Ó kọ lẹ́tà sí mi nígbà tí ìyá mi kú, ojú ewé mẹ́fà, kò kí mi tán títí bébà fi tán. Gíréémù ní ìwé mẹ́ta rẹ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n tún ti gbé òmíràn jáde lé e lórí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Èmi kò mú nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo jáde lọ kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, láti ilé dé ilé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó padà dé, wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti fọ abọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí àwọn àgbà tó gbà á lẹ́nu wọn. Akíìtán ni wọ́n ń pè mí.

Mo ń jẹ́.